Àìsàn kan náà, oògùn kan náà: kí ló dé tí ọ̀kan ń ní "ara mi le" tí èkejì ń ní "mi ò gbádùn"?

Alákọsílẹ̀:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará.

À ń múra ìwádìí kan sílẹ̀ lórí àwọn àgbàlagbà, láti ẹni ọdún 30 sókè. Ohun tó ń rú wa lójú ni pé àwọn tí àìsàn wọn bára mu lórí ìwé kì í dáhùn bákan náà tí a bá ní kí wọ́n sọ bí ìlera wọn ṣe rí. Ẹ mú ẹni méjì tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti làkúrègbé ń bá fínra, tí ọjọ́ orí wọn ò jìnnà síra, tó jẹ́ oògùn kan náà ni wọ́n ń lò. Ọ̀kan á ní ara òun le dáadáa, èkejì á ní òun ò gbádùn rárá.

Ohun tí mò ń rí kà ni pé ẹni tó bá gbà pé apá òun ká ọ̀rọ̀ ayé òun sábà máa ń ka ara rẹ̀ sí alára líle ju ẹni tó gbà pé kò sóhun tí òun lè ṣe sí i. Ṣé ìgbàgbọ́ yìí ló ń mú ara le lóòótọ́, àbí ara tó le ló ń bí ìgbàgbọ́? Báwo la ṣe ń wọ̀n ọ́n tí iṣẹ́ ò fi ní bà jẹ́? Tó bá sì jẹ́ òótọ́, kí ni òṣìṣẹ́ ìlera lè ṣe nípa rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé "kí wọ́n ṣáà máa ronú ohun rere". Mo ti gbọ́ ìyẹn yó.

---

Olùwádìí_Kan:

Ẹ kú iṣẹ́, Alákọsílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ wọ̀n, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ti ń fìdí rẹmi.

Ìbéèrè ìlera yẹn, ẹyọ kan péré ni, ìdáhùn márùn-ún ló ní: ó dára jù lọ, ó dára gan-an, ó dára, ó mọ níwọ̀n, kò dára. Ó kéré lójú, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Mossey àti Shapiro tọpa àwọn àgbà tó ti lé lọ́mọ ọdún 65 ní Manitoba, ní Kánádà. Nínú àbọ̀ tí wọ́n gbé jáde ní 1982, ewu ikú àwọn tó ní ìlera àwọn kò dára fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 3 ti àwọn tó ní ó dára jù lọ, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ro ọjọ́ orí àti àìsàn tó wà lákọsílẹ̀ mọ́ ìṣirò náà. Ní 1997, Idler àti Benyamini kó ìwádìí 27 jọ, ibi kan náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn forí lé. Àwọn nǹkan kan wà tí èèyàn mọ̀ nípa ara rẹ̀ tí kò sí nínú fáìlì dókítà.

Ọ̀rọ̀ ìkáwọ́, ìyẹn bí èèyàn ṣe gbà pé apá òun ká ọ̀rọ̀ ayé òun tó, ló wá ní ẹ̀ka méjì. Ẹ̀ka kìíní ni "apá mi ká a": tí mo bá pinnu láti ṣe nǹkan, mo máa ń rọ́nà gbé e gbà. Ẹ̀ka kejì ni ìdènà: àwọn ẹlòmíràn ló ń pinnu ohun tí mo lè ṣe, ìṣòro máa ń ká mi mọ́, kò sóhun tí mo lè yí padà. Kò fi dandan jẹ́ pé tí ọ̀kan bá ga, èkejì á lọ sílẹ̀. Obìnrin kan lè mọ irú eré ìdárayá tó yẹ òun, kó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kó sì ti ṣe é rí tó yọrí, àmọ́ kó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ò jẹ́ kó dìde lórí àga láti àárọ̀ dalẹ́. "Apá mi ká a" tirẹ̀ ga, ìdènà rẹ̀ náà ga. Tí ẹ bá pa méjèèjì pọ̀ sójú máàkì kan, àárín ló máa bọ́ sí, ẹ ò sì ní rí i mọ́.

Nínú MIDUS, ìwádìí ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1995 lórí àwọn ẹni ọdún 25 sí 74, gbólóhùn 4 ló wà fún ẹ̀ka kìíní, 8 fún èkejì, ìdáhùn sì lọ láti 1 dé 7. Òun ni mo máa ní kí ẹ lò. Tí ìwé ìbéèrè yín bá ti gùn jù, ti Pearlin àti Schooler ti ọdún 1978 wà, gbólóhùn 7 péré ni. Ti Rotter, ti 1966, ẹ fi í sílẹ̀: gbólóhùn oníméjì-méjì 29 ni, tí 6 nínú wọn ò tiẹ̀ ní máàkì, ó tún da bí èèyàn ṣe rí ọ̀rọ̀ ìjọba àti ogun pọ̀ mọ́ bó ṣe rí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ẹ ò nílò ìyẹn.

Dátà MIDUS yìí wà lára ohun tí Lachman àti Weaver lò ní 1998. Wọ́n rí i pé àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré ni ìdènà wọn sábà máa ń ga, tí ìlera wọn sì máa ń rẹlẹ̀. Ìyẹn ò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni pé láàárín àwọn tí owó wọn kéré yìí kan náà, àwọn tí ìkáwọ́ wọn ga ń fún ìlera ara wọn ní máàkì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àwọn olówó dọ́gba.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ọ̀nà rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Èyí tó hàn jù ni ìṣe: ẹni tó gbà pé ohun tí òun ń ṣe ń so èso lára á lo oògùn rẹ̀ déédéé, á rìn, á padà sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún un. Èkejì wà nínú àgọ́ ara. Dickerson àti Kemeny kó ìwádìí 208 jọ ní 2004, wọ́n rí i pé iṣẹ́ tí èèyàn ò lè darí bó ṣe máa yọrí, tí àwọn ẹlòmíràn sì jókòó tì í tí wọ́n ń fún un ní máàkì, ló ń ru cortisol, èròjà inú ara tó máa ń gòkè nígbà wàhálà, sókè jù, òun náà ló ń pẹ́ jù kó tó rọlẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni ìtumọ̀ tí a ń fún ohun tó ń ṣe wá. Orúnkún ń dun èèyàn lówùúrọ̀. Ẹni tó mọ̀ pé tí òun bá rọra ká ẹsẹ̀ kò tí òun sì nà án fún ìṣẹ́jú 10 á rọ̀ á kà á sí ohun tó máa kọjá lọ kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ẹni tí ò mọ ohun tó lè ṣe á kà á sí ẹ̀rí pé ara òun ti ń bà jẹ́ lọ. Ìrora kan náà, ìdáhùn méjì lórí ìwé. Lójú tèmi, ọ̀nà kẹta yìí ló ṣàlàyé àwọn ẹni méjì yín jù, nígbà tó ti jẹ́ pé àìsàn àti oògùn wọn dọ́gba.

Ṣé ìgbàgbọ́ ló ṣáájú àbí ìlera? Méjèèjì ń ti ara wọn. Màá jẹ́ kí àwọn oníṣirò sọ bí wọ́n ṣe ń yà á.

---

Ìṣirò_Ò_Mọ_Ojú:

Ẹ ṣeun, Olùwádìí. Ẹ jẹ́ kí n mú un níbi tó ti ń bà jẹ́.

Ibi àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà. Ọ̀pọ̀ ìwé ìbéèrè ló fi 1 fún "ó dára jù lọ" tó sì fi 5 fún "kò dára". Tí ẹ bá gbé e bẹ́ẹ̀ sínú ìṣirò, ìkáwọ́ tó ga á dà bí ohun tó ń dín ìlera kù, ẹnì kan á sì jókòó kọ àlàyé ojú ìwé mẹ́ta lórí ohun tí kò sí. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 6 kó lè yí padà. Tí ẹ bá fẹ́ kí ìdènà àti "apá mi ká a" kọjú síbì kan náà, inú 8 lẹ ti máa yọ ti ìdènà kúrò, torí 1 dé 7 ni ìdáhùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ro máàkì gbólóhùn ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan pọ̀, ẹ fi iye gbólóhùn tí ẹni náà dáhùn pín in. Ẹni tí kò dáhùn tó ìdajì gbólóhùn ẹ̀ka kan, ẹ má fún un ní máàkì lórí ẹ̀ka yẹn.

Ibi kejì ni ipò tí ẹ fi ìbéèrè ìlera sí. Ẹ fi ṣíwájú gbogbo ìbéèrè nípa àìsàn. Ẹni tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bi bóyá ó ní àtọ̀gbẹ, ikọ́ fée, ìrora ẹ̀yìn àti àìróorunsùn, ojú àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ló máa fi wo ara rẹ̀. Crossley àti Kennedy fi èyí hàn ní 2002 pẹ̀lú ìwádìí kan ní Ọsirélíà tí wọ́n ti bi àwọn èèyàn kan náà ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n tó béèrè nípa ìlera wọn àti lẹ́yìn rẹ̀. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin wọn tó yí ìdáhùn padà. Ipò tẹ́ ẹ bá yàn, kó má yí padà látìgbà kan sí òmíràn, tàbí láàárín àwọn tó ń béèrè.

Ẹ ṣọ́ àwọn tí kì í sọ pé rárá. Àwọn èèyàn wà tó jẹ́ pé ohun tẹ́ ẹ bá kà sí wọn létí ni wọ́n máa gbà, pàápàá níwájú àlejò tó mú ìwé dání. Tó bá jẹ́ pé gbogbo gbólóhùn ìkáwọ́ yín ló dá lórí "mo lè", máàkì ìkáwọ́ wọn á ga lásán. Mirowsky àti Ross dá ọgbọ́n kan sí i ní 1991: gbólóhùn 8, méjì-méjì lọ́nà mẹ́rin, pé ohun rere tó bá mi, èmi ló fà á, ohun búburú tó bá mi, èmi ló fà á, ohun rere, kì í ṣe èmi, ohun búburú, kì í ṣe èmi. Ẹni tó gba gbogbo rẹ̀, máàkì rẹ̀ á pa ara rẹ̀ rẹ́. Ó tún mú àwọn tó máa ń gba ògo tí wọn kì í gba ẹ̀bi.

Ìṣòro tó ga jù ni pé ẹnu kan náà ló ń sọ méjèèjì. Lọ́jọ́ tí inú èèyàn bá bà jẹ́, á ní ara òun ò le, á sì tún ní kò sóhun tó wà ní ìkáwọ́ òun. Ẹ óò rí ìbátan ńlá láàárín méjèèjì, ìbànújẹ́ ọjọ́ yẹn ló sì fà á. Ẹ fi ohun kan tí kò gba ẹnu kọjá kún un: bí ọwọ́ ṣe lágbára tó nígbà tó bá fún ẹ̀rọ ìwọ̀n-agbára, bí ẹsẹ̀ ṣe yá tó lórí mítà 4, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Tí ìkáwọ́ bá bá ọ̀rọ̀ ẹnu rìn ṣùgbọ́n tí kò bá agbára ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rìn rárá, ẹ fura. Ẹ wọn ìsoríkọ́ pẹ̀lú, kẹ́ ẹ sì ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan láìsí i, kẹ́ ẹ gbé méjèèjì jáde. Ìsoríkọ́ lè jẹ́ ohun tó ń bí àìníkàáwọ́, ó sì lè jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò láìsọ fún òǹkàwé ti dá ẹjọ́ láìgbọ́ tẹnu ìkejì.

Eré ìdárayá, sìgá mímu, lílo oògùn déédéé: ẹ má kó wọn sínú ìṣirò àkọ́kọ́. Ojú ọ̀nà tí ìkáwọ́ ń gbà dé ìlera ni wọ́n wà. Tẹ́ ẹ bá dí ọ̀nà yẹn, ìkáwọ́ á dà bí ẹni tí kò níṣẹ́ tó ń ṣe. Ọjọ́ orí, ọkùnrin tàbí obìnrin, ìwé tí èèyàn kà, owó tó ń wọlé àti iye àìsàn onígbà pípẹ́ ni kó kọ́kọ́ wọlé. Ìdáhùn ìlera wà ní ìpele-ìpele, nítorí náà ordered logit, ọ̀nà ìṣirò tí wọ́n ṣe fún irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀, ló bá a mu. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ipa ìkáwọ́ dọ́gba láti ìpele kan sí èkejì. Ó lè lágbára jù níbi tó ti yẹ kí "kò dára" ya kúrò lára ìyókù.

Èwo ló ṣáájú? Ìwádìí ẹ̀ẹ̀kan ò lè sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lè sọ díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta sókè ló jẹ́ kẹ́ ẹ lè ya "àwọn tí ìkáwọ́ wọn ga ń sọ pé ara wọn le" kúrò lára "nígbà tí ìkáwọ́ ẹni yìí ga ju bó ṣe máa ń rí fún un lọ, ìlera rẹ̀ gòkè tẹ̀ lé e". Ìbéèrè kejì lẹ̀ ń béèrè, dátà ti ìkíní ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì fi ń dáhùn rẹ̀. Ẹ fi àlàfo tó tó sáàárín. Nínú Health and Retirement Study ti Amẹ́ríkà, tó ń tọpa àwọn tó ti lé lẹ́ni 50 ọdún, ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni ìbéèrè ìkáwọ́ ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan láti 2006, ìlera sì ń bọ́ sáàárín rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì.

---

Nọ́ọ̀sì_Àdúgbò:

Ẹ kú ọpọlọ, ẹ̀yin oníṣirò. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè ìkẹta.

Ètò kan tó ti pẹ́ tí ẹ̀rí rẹ̀ sì wà nílẹ̀ ni èyí tí Kate Lorig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní Stanford fún àwọn tí àìsàn onígbà pípẹ́ ń bá jà. Ọ̀sẹ̀ 6 ni, wákàtí 2 àbọ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ń ṣe fúnra wọn ló sì ń darí ìpàdé. Nínú àbọ̀ 1999 wọn, lẹ́yìn oṣù 6, eré ìdárayá àwọn tó kópa pọ̀ sí i, àárẹ̀ wọn dín kù, máàkì tí wọ́n fún ìlera ara wọn sì gòkè ju ti àwọn tó ṣì ń dúró de ètò náà lọ.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ìwàásù. Ìpinnu ọ̀sẹ̀ kan ni. Aláìsàn ló máa yan ohun tó wù ú fúnra rẹ̀, a ó wá bi í ní nǹkan mẹ́rin: kí ni, ìwọ̀n wo, ìgbà wo láàárín ọjọ́, ọjọ́ mélòó láàárín ọ̀sẹ̀. "Màá máa ṣeré ìdárayá" kì í ṣe ìpinnu. "Màá rìn fún ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ọjọ́ mẹ́rin" ni ìpinnu. Ẹ má jẹ́ kó sọ pé ọjọ́ méje. Ọjọ́ kan tó bá yẹ̀, ó ti kùnà nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé láti 0 dé 10, báwo ló ṣe dá a lójú tó pé á ṣe gbogbo rẹ̀. Tó bá ní 5, ẹ ò gbọ́dọ̀ rọ̀ ọ́ kó ní 8. Ẹ bi í pé kí ló máa dí i lọ́wọ́, kẹ́ ẹ jọ gé ìpinnu náà kù, bóyá ìṣẹ́jú 5, bóyá ọjọ́ mẹ́ta, títí á fi tó 7. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu yín ni bó ṣe lọ. Ibi tó ti ń jó àjórẹ̀yìn jù nìyẹn: òṣìṣẹ́ á ṣe gbogbo rẹ̀ dáadáa, kò ní béèrè mọ́.

Àṣìṣe kejì ni kí ìpinnu jẹ́ àbájáde dípò ìṣe. "Kí ìfúnpá mi wá sílẹ̀ sí 130" kò sí ní ìkáwọ́ ẹnikẹ́ni lọ́sẹ̀ kan. Oògùn aago méje àárọ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Tí àbájáde bá kọ̀ tí kò wá, ẹni tó fi àbájáde ṣe òṣùwọ̀n á gbà pé apá òun ò ká a, ẹ sì ti bá a kọ́ ohun tẹ́ ẹ ò fẹ́ kó kọ́.

Wíwọn ìfúnpá nílé wúlò fún èyí, tí a bá ṣe é létòlétò. Kí ó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ̀yìn rẹ̀ lára àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, apá lórí tábìlì ní ìpele àyà. Ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì nírọ̀lẹ́, ìṣẹ́jú kan láàárín méjì, fún ọjọ́ 7. Ẹ yọ ti ọjọ́ àkọ́kọ́ dànù, ẹ ro ìyókù pọ̀ kẹ́ ẹ pín in. Kí ohun tó máa ṣe sí nọ́ńbà náà ti wà lákọsílẹ̀ ṣáájú: bó bá wà láàárín báyìí, máa bá a lọ; bó bá kọjá báyìí fún ọ̀sẹ̀ kan, pe ilé ìwòsàn; bó bá dé báyìí, wá lọ́jọ́ náà. Láìsí ìwé yẹn, ẹ̀rọ náà á kàn máa kó ìpayà bá a ni. Ẹni tó ń wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́, ẹ ní kó gbé e sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ná.

Kí ló dé tí ohun kékeré fi ń ṣiṣẹ́? Maier àti Seligman, àwọn tó fi ajá ṣe ìwádìí ní 1967, tí wọ́n ní ajá tí kò rí ọ̀nà bọ́ lọ́wọ́ ìyà ń kọ́ pé kò sóhun tí òun lè ṣe, padà wá ní 2016 wọ́n ní àwọn ti ka ọ̀rọ̀ náà sódì. Ọpọlọ kì í kọ́ àìlólùrànlọ́wọ́. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí ìyà bá pẹ́. Ohun tó ń kọ́ ni pé ohun tí òun ṣe yọrí sí nǹkan. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìṣírí lásán ò tó. Ó gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan, kó sì rí i pé ó yọrí.

---

Aláìgbàgbọ́_Rere:

Mo ń ka gbogbo yín, ó dára, àmọ́ mo fẹ́ bu omi tútù sí i díẹ̀.

Ewu wà nínú kí a máa sọ fún àwọn èèyàn pé ìlera wọn wà lọ́wọ́ wọn. Àìsàn tí kò gbọ́ tọwọ́ ẹni wà. Ẹni tẹ́ ẹ bá ti gbìn ín sọ́kàn pé òun ló ni gbogbo rẹ̀, lọ́jọ́ tí ara bá kọ̀, ara rẹ̀ ló máa dá lẹ́bi. Ìkáwọ́ gidi tún yàtọ̀ sí ìkáwọ́ inú ọkàn. Whitehall II, ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1985 lórí òṣìṣẹ́ ìjọba 10,308 ní Lọ́ńdọ́nù, ẹni ọdún 35 sí 55, fi hàn pé àwọn tí kò ní àṣẹ lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ wọn ni àrùn ọkàn ń mú jù. Nínú àbọ̀ tí Bosma àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ní 1997, ẹnu òṣìṣẹ́ nìkan kọ́ ni wọ́n ti gbọ́ ọ; àwọn alábòójútó náà fi máàkì sí àṣẹ tó wà nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ibì kan náà ló ṣì já sí. Iṣẹ́ gan-an ló ń pa wọ́n lára, kì í ṣe èrò wọn nípa iṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé ìdènà ló ga nínú dátà yín, ẹ má lọ dá kíláàsì sílẹ̀ láti tún ọkàn àwọn èèyàn ṣe. Ẹ yí àkókò tí ilé ìwòsàn ń ṣí padà, kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lè wá.

Ẹnì kan máa tó mú òdòdó Langer àti Rodin wá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣáájú rẹ̀. Ní 1976, ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà kan ní Connecticut, wọ́n ní kí àwọn kan yan òdòdó tí wọ́n á máa tọ́jú fúnra wọn kí wọ́n sì pinnu ohun tó kàn wọ́n. Àwọn yòókù, nọ́ọ̀sì ló ń bá wọn bomi rin tiwọn. Lẹ́yìn oṣù 18, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú lọ́dọ̀ àwọn àkọ́kọ́, 30 lọ́dọ̀ ìkejì. Ó dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n tẹ àtúnṣe jáde ní 1978, torí ìṣirò ikú yẹn ní àṣìṣe, ìyàtọ̀ náà kò lágbára tó bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ kéde rẹ̀. Ẹni tó ń sọ ìtàn náà kì í sọ apá yẹn.

---

Alákọsílẹ̀:

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Ṣé ó yẹ kí n retí pé ìkáwọ́ àwọn tó ti lé lẹ́ni 65 á rẹlẹ̀? Àwọn tó ń dáhùn pé "ọwọ́ Ọlọ́run ló wà" ńkọ́, ṣé àìníkàáwọ́ ni ká kà á sí? Ọdún kan péré sì ni owó ètò wa máa gbé. Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ tí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá parí?

---

Olùwádìí_Kan:

Bẹ́ẹ̀ ni, á rẹlẹ̀, àmọ́ ẹ wo ẹ̀ka tó ń fà á. "Apá mi ká a" kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìdènà ló ń gòkè bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kẹ́ ẹ pa wọ́n pọ̀. Ẹ tún rántí pé àgbà ń yí ohun tó ń lépa padà. Rothbaum, Weisz àti Snyder ya méjì sọ́tọ̀ ní 1982: kí èèyàn yí ayé padà kó bá òun mu, àti kí èèyàn yí ara rẹ̀ padà kó bá ayé mu. Ẹni tó fi ìrìn ìdajì wákàtí sílẹ̀ tó mú ìṣẹ́jú 10, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ lórí rẹ̀, kò tíì jọ̀wọ́ ìjánu. Àwọn gbólóhùn 12 yẹn ò mú irú rẹ̀ dáadáa, nítorí náà ẹ fi ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta kún un lórí bí èèyàn ṣe ń tún àfojúsùn rẹ̀ ṣe.

Ti Ọlọ́run, ẹ má sọ ọ́ di àìníkàáwọ́. Wallston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ pín ìgbàgbọ́ nípa ìlera sí mẹ́ta ní 1978: èmi, àwọn alágbára bíi dókítà, àti oríire, gbólóhùn 6 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ní 1999, wọ́n ṣe gbólóhùn 6 mìíràn tó dá lórí Ọlọ́run nìkan, torí pé kò bá oríire lọ. Èèyàn lè ga lórí Ọlọ́run kó tún ga lórí "èmi", kó gbàdúrà kó tún lo oògùn. Ẹni tó ga lórí Ọlọ́run tó sì rẹlẹ̀ pátápátá lórí "èmi" ni kẹ́ ẹ wò dáadáa. Gbígbẹ́kẹ̀ lé dókítà náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nínú àìsàn tó le gan-an, ó lè ṣàǹfààní.

---

Nọ́ọ̀sì_Àdúgbò:

Lórí ètò tó ń parí, ohun tí Schulz rí ni kẹ́ ẹ kà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ní 1976, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń lọ kí àwọn àgbà ní ilé ìfẹ̀yìntì. Àwọn àgbà kan ló ń pinnu ìgbà tí àlejò á wá àti bó ṣe máa pẹ́ tó. Wọ́n kàn ń sọ ọjọ́ rẹ̀ fún àwọn kan ṣáájú ni. Ó kàn ń já lu àwọn kan. Àwọn kan ò ní àlejò. Ara ẹgbẹ́ méjì àkọ́kọ́ yá ju ti àwọn yòókù. Ìwádìí parí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Nígbà tí Schulz àti Hanusa padà lọ wò wọ́n ní oṣù 24, 30 àti 42, àwọn ẹgbẹ́ méjì tí ara wọn ti yá yìí gan-an ló ti jó rẹ̀yìn, àwọn yòókù ò sì ní irú ìṣubú bẹ́ẹ̀. Ìkáwọ́ tí wọ́n ní so mọ́ àlejò, àlejò sì ti lọ.

Nítorí náà, láti oṣù kìíní ni kẹ́ ẹ ti máa so ó mọ́ ohun tí kò ní bá yín lọ. Ẹ̀rọ ìfúnpá, kó jẹ́ ti aláìsàn, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ máa gbà padà. Ìwé "bó bá dé báyìí, ṣe báyìí", kó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti lọ́wọ́ ilé ìwòsàn tó ń lọ. Láti oṣù keje, ẹ jẹ́ kí ìpè ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, kó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ní oṣù kẹwàá, kí àwọn aláìsàn máa pe ara wọn ní méjì-méjì dípò rẹ̀. Ẹ sọ ọjọ́ ìparí fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ sì fi owó ìwádìí kan pamọ́ láti padà bi wọ́n ní ìbéèrè ìlera yẹn lẹ́yìn oṣù 6 tẹ́ ẹ bá ti lọ, torí máàkì ọjọ́ ìparí nìkan ò lè sọ fún yín bóyá ohun tẹ́ ẹ gbìn dúró.

---

Ìṣirò_Ò_Mọ_Ojú:

Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì yìí, ẹ kọ oṣù 6 yẹn sínú ètò ìṣirò yín kí dátà tó wọlé. Ẹ máa kà á yàtọ̀ fún àwọn tó ní ẹ̀rọ tiwọn àti àwọn tó yá a lò.